Èmi Ni Mo Ń Wọ Bẹ́líìtì Waheedat

Ẹ̀yin ẹbí mi tí mo ránṣẹ́ pè, àti ẹ̀yin Àǹtí Misturat tí ẹ wá láti ọsibítù, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ̀rù má tún dí mi lẹ́nu. Ọmọ mi Waheedat kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Èmi Ládòkun, bàbá rẹ̀, ni mo ṣe é, mo sì jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá a wí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i pé èjìká rẹ̀ ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣì ń dàgbà yìí, eré ìdárayá lè má jẹ́ kó burú sí i. Àǹtí Misturat kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ara, tí yóò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò mí sínú, tí yóò sì padà. Wọ́n fún un ní bẹ́líìtì kan tí ẹ̀rọ kékeré wà lára rẹ̀. Bó bá ti tẹ̀, ẹ̀rọ á kà á, á fi ránṣẹ́ sí fóònù, Àǹtí Misturat á sì rí i láti ọ́fíìsì wọn. Bí iye tọjọ́ náà bá pé, ojú fóònù á di àwọ̀ ewé. Wákàtí kan láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́.

Wákàtí méjì lójúmọ́! Ẹ sì mọ ilé wa n'Ísẹ́yìn yìí: òfì la ń hun, Waheedat ló ń ká òwú fún mi, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀. Àwọn ará Òkàká gbé iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó wá, ọjọ́ sì ti sún mọ́. Mo ń wo ọmọ tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní tó ń mí, inú ń bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gba bẹ́líìtì náà, mo ní kó lọ ká òwú, mo sì so ó mọ́ ìbàdí ara mi kó má baà sọnù. Mo jókòó sídìí òfì. Ẹ̀yin tí ẹ ń hunṣọ mọ bí ara ṣe ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ igi. Kí oòrùn tó mú, fóònù ti di àwọ̀ ewé. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àgbàlagbà òmùgọ̀!

Waheedat ní, "Bàbá, èmi ni wọ́n ní kí n máa wọ̀ ọ́ o. Ẹ̀yìn tiyín kò ṣe nǹkan kan." Mo ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀?" Iṣẹ́ kan ń tẹ̀lé òmíràn, oṣù méje gbáko ni mo fi wọ̀ ọ́. Àǹtí Misturat á fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Waheedat, o kú iṣẹ́ o! O ò pa ọjọ́ kan jẹ!" Ọmọ náà á tẹ́tí sí i, á dorí kodò, á sì máa ká òwú lọ.

Nígbà tí wọ́n tún ya fọ́tò, ẹ̀yìn náà ti tẹ̀ gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àǹtí Misturat wo fóònù, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n ní, "Èyí ò yé mi. Baba Waheedat, ṣé òun gan-an ló ń wọ̀ ọ́?" Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Waheedat wo ojú mi. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ: "Ẹ bi í léèrè, àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Ìbàdí àbúrò rẹ̀ kékeré ló máa ń so ó mọ́." Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Èmi ni." Wọ́n gba bẹ́líìtì náà, wọ́n gbé e fún ọmọ mìíràn tó ti ń dúró. A gun ọ̀kadà lọ sílé, kò sunkún. Èmi tí ojú ń tì ni mo tún ń bú u lọ lójú ọ̀nà.

Aṣọ àwọn ará Òkàká ti parí tipẹ́, wọ́n yìn mí pé ó gún régé. Láàárọ̀ yìí, mo bá Waheedat lórí ẹní, ó ń na ara láìsí bẹ́líìtì, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ kà á. Ó ti dé mọ́kànlélógójì. Bó ṣe rí mi, ó fò dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo ti ń bọ̀ wá ká òwú." Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sunkún. Àǹtí Misturat, ẹ ní nǹkan bí ọdún méjì ló kù kó dẹ́kun dídàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àyè rẹ̀ padà fún un, kí ẹ fi ìyà tó bá tọ́ jẹ èmi. Waheedat, ọmọ mi, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Padà sórí ẹní rẹ. Èmi ni n ó máa kà á fún ọ. Méjìlélógójì ló kàn.