Ẹ Dáhùn Kí Ẹ Tó Wẹ̀yìn

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ìyìn fún Ọlọ́run tó ń pe èèyàn, tí kì í ṣi ẹni pè. Halelúyà! Ohùn yẹn ò jáde o. Halelúyà! Ẹ ṣeun. Tíṣà ọmọ kéékèèké ni mí, bí kíláàsì ò bá dáhùn, mi ò lè bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni Ìyá Fẹ́mi. Ọkọ mi ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ní wáàfù, ó ti ń wo aago. Dádì Fẹ́mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ̀rí kì í ṣe ẹrù tí a fẹ́ kílíà.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn tí àwọn ológun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt ni wọ́n gbé e wá síbí, tí èmi àti ọmọ wa sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ jéléósinmi ni mo kọ́ n'Íbàdàn. Nígbà tí àwọn ará ìlú ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń ṣí iléèwé, ìjọba ní kí n máa lọ káàkiri, kí n máa kọ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọ. Mi ò ní kíláàsì tèmi. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa wo bí tíṣà ṣe ń ṣe. Tí àwọn ọmọ bá lọlé, èmi àtòun á wá jọ sọ̀rọ̀. Mo lọ Rumuolumeni, mo lọ Elekahia, kò sí wàhálà. Amadi-Ama, létí omi, ni ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ jéléósinmi: jẹ́ kí ilé ó sinmi. A kó ọmọ lọ síbẹ̀ kí ariwo lè kúrò nílé. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá ní Amadi-Ama, iléèwé gan-an ló ti sinmi. Inú ilé kan tí onílé rẹ̀ ò tíì padà látìgbà ogun ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Mo wọlé, mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹni tó fẹ́ tọ̀ á kàn dìde, á máa wo tíṣà lójú. Ọmọ kan ṣubú, ó fi orúnkún gbá òkúta. Omijé ń dà lójú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ là gbàgà, ohùn ò jáde. Ẹkún tí ò lóhùn, ẹ̀yin ará!

Tíṣà wọn ni Miss Ibinabo, ọmọ Okrika, èèyàn jẹ́jẹ́. Òun ló ṣàlàyé fún mi. "Ma, na so we train dem for bush. Pikin wey answer, na him go kill everybody." Ìgbà tí wọ́n ń sá fún ogun nínú igbó nìyẹn. Ọmọ tó bá dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é, ọ̀tá á gbọ́. Ogun ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ọmọ pé wọ́n ti lè dáhùn.

Ni mo bá sọ ọ́ di òfin fún Ibinabo. Mo ní bí ọmọ bá pè ẹ́, dáhùn kí o tó wẹ̀yìn. Kódà bó kàn kùn sínú, dáhùn. Nítorí ọmọ tó bá pè tí a ò dá a lóhùn, á gbà pé òun ò sí níbẹ̀.

Àṣé tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò lẹ́ni tí mo lè fi Fẹ́mi sílẹ̀ fún, nítorí náà mo máa ń mú un dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tá a kọ́kọ́ dé, ẹ mọ̀ pé rédíò ni, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Díẹ̀díẹ̀ ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í lọlẹ̀. Mo rò pé eré ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe. Ó délé, kò sọ̀rọ̀. Ó jí, kò sọ̀rọ̀. Dókítà wo ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin ará. Èmi tí mò ń kọ́ tíṣà bí wọ́n á ṣe la ọmọ lẹ́nu, ọmọ tèmi yadi! Ojú tì mí. Ìyá kan ládùúgbò ní mo ti gbé nǹkan bọ̀ láti etí omi. Ẹ bá mi gbàdúrà nínú ìjọ yìí, mo gbààwẹ̀ títí ìró mi fi ń tú nídìí. Mo ní, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ "Màámi" lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ ṣọ́ra bẹ́ ẹ bá ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run o.

Ọ̀sán gangan ni. Àwọn ọmọ ti lọ. Fẹ́mi sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi àti Ibinabo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré, à ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Omi ti fà sẹ́yìn. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àdàbà pàápàá ò ké. Ni mo bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé: "Màámi!"

Ohùn Fẹ́mi ni. Mo yíjú sí ẹní, Fẹ́mi ń sùn, ẹnu ẹ̀ pa dé.

"Màámi!"

Ní gbogbo Amadi-Ama, kò sí ọmọ Yorùbá mìíràn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ìyá mi nílé kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá gbọ́ ìpè lọ́sàn-án gangan, tí mi ò rí ẹni tó pè, n ò gbọdọ̀ jẹ́, torí ẹni tó ń pè yẹn kì í ṣe èèyàn. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù nínú ikùn. Mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́ èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ.

Àṣé Ibinabo náà gbọ́ ọ, ó ń wò mí. "Ma, pikin dey call. No be you say make we answer before we turn?"

Ẹ gbà mí! Òun ti kọ́ ọmọ nínú igbó pé kí wọ́n má dáhùn. Wọ́n kọ́ èmi lẹ́sẹ̀ ìyá mi pé kí n má dáhùn. Èmi yìí náà ni mo sì ń fojoojúmọ́ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé dáhùn, dáhùn. Ìpè ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá. Èyí rọra jáde ni, bí ọmọ tó ti ń gbà pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ìyá, èwo nínú yín ló lè gbọ́ irú ẹ̀ kó jókòó?

Mo pariwo: "Hẹn! Mò ń bọ̀!"

Mi ò lè fi ọmọ mi sílẹ̀ nínú ilé tí mi ò mọ ohun tó ń pè níbẹ̀, ni mo bá gbé e sí èjìká bó ṣe ń sùn. Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, Ibinabo tẹ̀ lé mi. Kò sẹ́nì kankan. Ẹrẹ̀ nìkan, ó tẹ́jú láti ibi ìpìlẹ̀ ilé títí dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi wà. Kò sí ipa ẹsẹ̀ ọmọ lórí ẹ̀, kò sí ti adìyẹ. Mo bèèrè pé ta ni. Ohùn náà ti dákẹ́.

Lẹ́yìn wa ni mo gbọ́ gbìì! Ògiri tí ogun ti là tẹ́lẹ̀ ló wó, ó fa igi àjà lulẹ̀. Bẹ́ǹṣì tá a jókòó lé, abẹ́ ẹ̀ ló wà. Ẹní Fẹ́mi, abẹ́ ẹ̀ ló wà. Ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí láàárọ̀ nìyẹn o! Ìró yẹn jí Fẹ́mi. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó sì figbe ta:

"Màámi!"

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Ohùn yẹn náà ni. Bó ṣe há díẹ̀ láàárín, bẹ́ẹ̀ náà ló há. Ibinabo jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó ní, "Ma, na the same one be dat."

Mi ò mọ ẹni tó pè mí. Pásítọ̀ ní áńgẹ́lì ni. Dádì Fẹ́mi ní ìbẹ̀rù ló ń ṣe etí mi, ṣùgbọ́n látọjọ́ náà kì í dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án mọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé mo tọrọ ohùn kan, Ọlọ́run sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ kí àsìkò ẹ̀ tó tó, torí ká ní ó dúró dé àsìkò ni, abẹ́ ògiri yẹn ni ẹnu tó máa sọ ọ́ ì bá wà.

Abẹ́ igi ni Ibinabo ti ń kọ́ wọn báyìí. Ẹ lọ wò ó, kíláàsì ń pariwo bí ọjà. Ilé àwọn òbí wọn ló wá ń sinmi.

Kí n tó jókòó, ẹ dákẹ́ ná. Fẹ́mi!

Ẹ gbọ́ ọ? "Mà!" ló wí. Ọmọ mi dáhùn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ilẹ̀kùn, kí lẹ̀ ń wò lẹ́yìn? Ẹ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ ti gbọ́ ohùn yẹn? Fẹ́mi ló wà níwájú yìí. Ẹ bá mi yọ̀, ògo ni fún Ẹni tó pè mí. Halelúyà! Ẹ dáhùn, ẹ̀yin ará. Ẹ dáhùn kí ẹ tó wẹ̀yìn.