Àgbò Tó Sùn Nínú Yàrá Alájì

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge ní Krofrom, ní Ghana níbí... Ràṣídì, má dìde. O ní fóònù tí o rà ní Bantama, o kò jí i, rírà lo rà á. Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tó rà bíi tìrẹ fún ọ.

Láyé ìgbà yẹn, ìta ni wọ́n ń so àgbò Iléyá mọ́, kí aládùúgbò lè fọwọ́ pa á lẹ́yìn, kí wọ́n ní ti ọdún yìí mà sanra o. Ìgbéraga wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o rà lójú ayé, kí lo fẹ́ fi í pamọ́ sí?

Alájì Lásísì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tó ń ta ìkòkò lọ́jà, òun ló so tiẹ̀ mọ́ inú yàrá. Yàrá tó ń sùn o! Ẹnì kan ló fà á wá láti Tafo, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó sì tà á ní owó adìẹ. Alájì ò béèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá béèrè á gbọ́ èsì, àbí? Iwájú orí àgbò náà funfun. Ó ní kí ìyàwó òun fi làálì kùn ún. Làálì ìyàwó, lórí àgbò! Bí ẹran náà bá ti ké, Alájì á yí rédíò sókè. A ní ó ti fẹ́ràn ìròyìn jù.

Ìgbà tí Iléyá ku ọ̀la, obìnrin Àṣàńtì kan wọ àgbàlá wa pẹ̀lú ọlọ́pàá. Àgbò rẹ̀ ti sọnù. Alájì ń fa tẹ̀sùbáà, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Obìnrin yẹn ò bá a jiyàn. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí àgbò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ lórúkọ ọjọ́ náà bí ọmọ ènìyàn. Ó kàn pè é:

"Kofi."

Kofi dáhùn láti inú yàrá.

Alájì ní ìyàwó òun ló ń wúkọ́. Ìyàwó rẹ̀ rèé, ó ń gbálẹ̀ lójú gbogbo wa...

Wọ́n fa Kofi jáde, orí pupa bí ọwọ́ ìyàwó tuntun. "Me dwan nie," àgbò mi nìyí, obìnrin náà gbá a mọ́ra. Alájì ń búra pé òun kọ́ ló jí i.

Ọlọ́pàá ní, "Alájì, n kò sọ pé ẹ jí i. Bí ẹ ò bá mọ̀ pé ẹran olè ni, kí ni làálì ń wá lórí rẹ̀?"

Ẹ gbọ́, làálì yẹn ló rán an lẹ́wọ̀n. Àwọn èèyàn ń kírun Iléyá, Alájì wà ní àhámọ́. Bàbá mi ní, "Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un." Òfin Ghana náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lónìí ńkọ́? Ẹ ní ọjà ọ̀pọ̀ ni ẹ rí rà. Ràṣídì, o ti ra àpò tuntun wọ̀ fún fóònù yẹn. Làálì tìrẹ nìyẹn. Obìnrin tó pọnmọ, tí àwòrán rẹ̀ wà lójú fóònù náà, àbúrò bàbá rẹ ni? Láàárọ̀ yìí ó dún lábẹ́ ìrọ̀rí, o fi aṣọ bò ó, o wá ń wúkọ́.

Gbọ́... ó tún ti ń dún. Ẹni tó ni ín ló ń pè é. Gbé e, kí o sọ ibi tó ti máa wá gbà á. Ẹran lásán ni Kofi, ó sì mọ̀ pé bí onínǹkan bá pè, dídáhùn ni.