Òwú Tí Mo Gé Lórí Òfì Bàbá Mi

Ẹ bá mi fara balẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún nínú ilé, nítorí kò sẹ́nì kankan nínú ilé mọ́. Òfì mẹ́fà ló wà ní àgbàlá wa ní Ìséyìn níbí. Adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ márùn-ún nínú wọn, èmi nìkan ni mo ń jókòó nídìí ẹ̀kẹfà. Nígbà tí àgbàlá náà kún, ariwo òfì ò ní í jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń sọ. Nísinsìnyí, mo lè hun aṣọ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí wá jẹun. Ìgbà mìíràn, ṣe ni mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Ẹ má sì káàánú mi jù o! Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi tú ilé ká, Bíbélì ló sì wà lábíyá mi nígbà tí mò ń tú u.

Ilé onímọ̀ kéú ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kì í fi Jímọ́ọ̀ ṣeré, ó sì mọ aṣọ hun débi pé láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń wá a wá. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ní kí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rin apá ọ̀tún ni mo lọ ra òwú ní Ìbàdàn, tí mo pàdé àwọn kan tí wọ́n ń ka Òfin Mósè bí ẹni ń ka lẹ́tà tó ti ilé wá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọlọ́run tó sọ ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́, tí kò fi nǹkan kan pa mọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an ni. Nígbà tí mo fi máa padà délé, mo ti di ẹni tó ń pa Sátidé mọ́ ní ọjọ́ ìsinmi, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ títí di ìgbà tó bá wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mi ò jẹ òyà mọ́. Òyà o, ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ mọ ohun tí mo fi sílẹ̀! A ò pé ogún nínú ìjọ wa ní Ìséyìn níbí, yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà la ti ń jọ́sìn. Bàbá mi ò bá mi jà. Ohun tó sọ ò ju pé, “Ànábì Mùsá kì í ṣe àjèjì sí wa. Tó bá jẹ́ pé òun lo fẹ́ tẹ̀ lé, tẹ̀ lé e dáadáa.” Ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé.

Ká ní mo mọ ibi tó yẹ kí n dúró ni! Ṣùgbọ́n èmi, tí mo bá ti dáwọ́ lé nǹkan, àfi kí n ṣe é kọjá ààlà. Lọ́jọ́ kan, mo ka ibi tí Mósè ti kìlọ̀ pé kí èèyàn má wọ aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ hun pọ̀. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa bá wí bí kò ṣe ahunṣọ? Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó ń fi irun àgùntàn hun aṣọ lọ́dọ̀ wa, a kì í sì í fi ọ̀gbọ̀ hun nǹkan. Ó yẹ kí n ṣí ìwé síwájú. Rárá o. Mo ní, ọ̀gbọ̀, inú ilẹ̀ ló ti ń hù, bí òwú wa náà. Irun àgùntàn, ara ohun ẹlẹ́mìí ló ti wá. Sányán ńkọ́? Ṣebí kòkòrò inú igbó ló ń ṣe é! Bí a bá wá ta òwú sórí òfì, tí a fi sányán hun ún, a ti da ohun méjì pọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Èmi nìkan ni mo jókòó tí mo rò ó jọ. Alàgbà ìjọ wa, káfíńtà tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, “Bàbá Àdùkẹ́, ẹ rọra o. Ẹ má lọ jẹ́ Mósè ju Mósè lọ.” Mo ní ẹ̀rù èèyàn ló ń bà á. Mo délé, mo kéde pé kò gbọ́dọ̀ sí sányán àti òwú lórí òfì kan náà mọ́ lágbàlá wa. Àwọn ọmọṣẹ́ wo ojú Bàbá. Bàbá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé tó bá yá, ara mi á balẹ̀.

Nígbà tó yá, Àdùkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, rí ọkọ, tíṣà kan ní Àgọ́-Àrẹ, ọmọlúàbí èèyàn. Owó epo wà lóde nígbà náà, aṣọ òfì sì ni gbogbo ayé ń wọ̀ ṣègbéyàwó. Bàbá sọ pé òun lòun máa hun aṣọ tí Àdùkẹ́ máa wọ̀ lọ sílé ọkọ, sányán ni yóò sì jẹ́, nítorí sányán ni ìyá mi wọ̀ wọlé òun. Bàbá ò ríran mọ́ rárá nígbà yẹn. Ọwọ́ ló fi ń mọ òwú. Á jókòó, á gbé orí sókè bí ẹni ń tẹ́tí sí nǹkan, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹyọ kan bá sì já, á ti mọ̀ kí èmi tí mo lójú tó mọ̀. Ó ní aṣọ tí òun máa hun kẹ́yìn nìyẹn. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òwú nìkan ni kí ẹ fi hun ún.” Ó ní kí ni sányán ṣe fún mi. Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé Ànábì Mùsá ń bá òfì jà? Dìde, lọ jẹun.”

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣègbéyàwó. Jímọ́ọ̀ ni ọjọ́ náà. Àwọn ọmọṣẹ́ ti fa Bàbá lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi nìkan ló kù lágbàlá, aṣọ náà sì ti ju ìdajì lọ. Mò ń wo oòrùn. Mò ń sọ ọ́ nínú ara mi pé ọjọ́ ìsinmi ń bọ̀ wá bá ohun ìríra nínú ilé mi. Mo mú abẹ, mo gé òwú náà kúrò lórí òfì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ahunṣọ á mọ ohun tí mò ń wí. Òwú tó bá já, a lè so ó. Èyí tí wọ́n fi abẹ gé lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán nìyẹn. Ọkàn mi sì balẹ̀! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lónìí nìyẹn, pé ọkàn mi balẹ̀. Bàbá ti ìrun dé, ó rọra jókòó sáyè rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú. Kò bá nǹkan kan. Ó nà án sí ọ̀tún, ó nà án sí òsì. Ó rò pé òun ṣi òfì jókòó ni, ó fọwọ́ pa igi rẹ̀, ó rí i pé tòun ni.

Ó ní, “Ṣé òwú já ni?”

Mo ní, “Bàbá, èmi ni mo gé e.”

Kò bínú, kò ṣépè. Ìbá sàn kó ṣépè! Ó wá àwọn etí òwú náà nílẹ̀, ó kó wọn jọ sórí itan, ó ń pa wọ́n pọ̀ bí ẹni fẹ́ so wọ́n, lẹ́yìn náà ó jù wọ́n sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí ìyàwó mi mú òun lọ sí gáráàjì, òun ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Múlíkátù, ní Òkákà. Èmi ti wà ní ìjọ. Ìyàwó mi wá sí ẹnu ọ̀nà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Bàbá Àdùkẹ́, Bàbá ń lọ o! Mọ́tò ò tíì kún, ẹ wá dá wọn dúró, tiyín nìkan ni wọ́n máa gbọ́.” Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo ní ọjọ́ ìsinmi ni, pé mi ò ní ohun tí mò ń wá ní gáráàjì. Mo sì padà sídìí orin tí à ń kọ.

Aṣọ ọjà ni Àdùkẹ́ wọ̀ relé ọkọ. Àbúrò Bàbá ló dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó; èmi jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó wá jẹ ìrẹsì. Nígbà tí ọmọ náà bímọ, ìyàwó mi lọ bá a wẹ ọmọ ní Àgọ́-Àrẹ, kò padà mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọṣẹ́ ń dágbére. Mo sọ fún ara mi pé inúnibíni ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe olóòótọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń yan fanda bí ajẹ́rìíkú nínú ilé òfìfo.

Àfi ọjọ́ tí Alàgbà ní kí n dìde ka ìwé fún ìjọ. Orí tí ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn wà náà ló ní kí n kà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ tó ìgbà ogún, ṣùgbọ́n tààrà sí ibi aṣọ ni ojú mi máa ń lọ. Lọ́jọ́ náà, mo kà á sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Ọlọ́run ní kí kálukú bẹ̀rù ìyá àti bàbá rẹ̀, kó sì pa ọjọ́ ìsinmi Òun mọ́. Gbólóhùn kan náà! Òbí ló sì ṣáájú ọjọ́ ìsinmi! Mo kà á lọ sísàlẹ̀, mo débi tó ti ní kí a máa dìde fún orí ewú, mo pa ìwé dé. Alàgbà ló gba ìwé lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a jáde, ó ní, “Ẹ wò ó, irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ nìkan ló dárúkọ. Sányán, ẹ̀yin lẹ fi kún un.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Òkákà. Bàbá dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn. Ó ní kí wọ́n fún mi lómi, ó bi mí bí ọ̀nà ṣe rí, ó dúpẹ́ pé mo yà kí òun. Tí mo bá ní kó jẹ́ ká lọ sílé, á ní ibi tí òun wà yìí dára. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ara rẹ̀ ò yá. Jímọ́ọ̀ ni mo gbéra, táyà mọ́tò wa jò lọ́nà, ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Mo na gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, mo ní, “Bàbá, mo ka ibì kan, mo fo ibi tó kù. Ẹ dárí jì mí.” Ó fọwọ́ wá orí mi. Ó fi oríkì mi pè mí, èyí tí kò fi pè mí láti ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta. Ó ní, “Gbé mi lọ sílé.” Háà! Mo ti fò dìde kí n lọ wá mọ́tò, ó bá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ṣé oòrùn ti wọ̀?” Mo ní ó ń wọ̀ lọ. Ó ní, “Ọjọ́ rẹ dé nìyẹn. Mi ò ní í bà á jẹ́ fún ẹ. Ọ̀la, tí oòrùn bá ti wọ̀, ká lọ.” Ìyá Múlíkátù ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ, ara yín ò le.” Bàbá ní rárá.

Ohun tí mo wá jẹ́wọ́ gan-an nìyí. Láàárọ̀ Sátidé, mọ́tò Ìséyìn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ìyá Múlíkátù, dẹ́rẹ́bà ń pariwo pé ààyè ẹni méjì ló kù. Ìyá Múlíkátù wo ojú mi. Mo mọ̀ pé Bàbá ti rẹ̀ ju ti àná lọ. Tí mo bá sọ pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ,” á tẹ̀ lé mi. Mi ò sọ ọ́. Inú mi ń dùn pé bàbá mi bọ̀wọ̀ fún òfin mi, mo fẹ́ kí ọjọ́ náà pé pérépéré. Mọ́tò lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, Bàbá ti dákẹ́.

Mùsùlùmí kì í pẹ́ sin òkú. Ọkọ Ìyá Múlíkátù ní, “Lónìí kọ́ ni ọjọ́ ìsinmi rẹ? Jókòó, àwa á gbẹ́ sàréè náà.” Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn wà lókè gbangba, mo gbẹ́ ilẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Èmi tí mi ò lè rìn dé gáráàjì lọ́jọ́ ìsinmi láti dá bàbá mi dúró!

Ẹ má ní kí n fi ọ̀nà Ọlọ́run sílẹ̀ o, mi ò ní í fi í sílẹ̀, mo ṣì ń pa ọjọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì wà láyé, ẹ máa ka ìwé yín dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ìmọ̀ràn kan ni mo ń wá lọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àdùkẹ́ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn. Ó ní, “Bàbá mi, ṣé ẹ ò rí mọ́tò gbé Bàbá àgbà lọ sílé ni?” Mo ní mọ́tò wà. Ó dúró díẹ̀, ó ń retí kí n fi nǹkan kan lé e. Nígbà tó yá, ó lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mi ò kọjá ìkíni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ sí ọmọ mi?