Orin tí wọ́n yọ kúrò lórí àtẹ

Nínú takisí kan tó ń lọ sí ìlú Ìyìn, ní ibùdókọ̀ Fájuyì, akọrin ẹ̀mí kan kọjú ìjà sí ọkùnrin tó ń bá a gbé orin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló ní kí o pa orin mi rẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ ní ẹ gbàgbé láti ki Wòlíì ìjọ yín nínú rẹ̀, kí n fi èyí tí ẹ tún kọ rọ́pò rẹ̀."

"Lánàá, ipò kẹta la wà lórí àtẹ orin tó ń tà jù. Lónìí, a ò sí níbẹ̀ rárá!"

"Òfin àwọn tó ni àtẹ náà ni, mà. Orin tí a bá ti yọ, wọn kì í ka iye tó ti tà mọ́. Tuntun ni wọ́n ka èyí sí."

"Gbogbo àwọn tó ti rà á ńkọ́?"

"Wọn ò ní rà á lẹ́ẹ̀mejì, mà."



"Wòlíì ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rà á?"

"Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni, mà."