Ìrù Ìmìtìtì Ilẹ̀ Tí Bàbá Gé

"Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná," ni bàbá ẹnjiníà wí fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló fẹ̀yìn tì. Ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ dùn, ìyàwó rẹ̀ ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí ayọ̀ náà kún. "Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan lónìí, kí n lè sinmi.

"Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín ni kí n ya ilé sínú kọ̀ǹpútà, kí n fi ìmìtìtì ilẹ̀ kan tó ti ṣẹlẹ̀ rí mì ín, kí n máa wo bó ṣe ń jó síbí jó sọ́hùn-ún, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn lọ́ra bí ìgbín. Ọjọ́ tí mo ń yẹ ilé ìwòsàn alájà púpọ̀ kan wò ni mo fẹ́ lọ fojú kan àwọn òbí ìyá yín. Jìgìjìgì tó le ti kọjá, ilé ṣì dúró, ìrù rẹ̀ tó ń rọra fì nìkan ló kù. Mo gé e. Mo kọ ọ́ pé ilé yege, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ọ̀lẹ lásán-làsàn!

"Ṣé ẹ wá rí i, ilé ìwòsàn yẹn náà ló gba ìyá yín síṣẹ́ agbẹ̀bí, lájà òkè pátápátá. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo yọ́ lọ wò ó dópin lórí kọ̀ǹpútà: inú ìrù yẹn gan-an ni àwọn òpó ìsàlẹ̀ ti kán. Ó yẹ kí n sáré bá ọ̀gá mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo sọ fún ìyá yín pé, 'Wọ́n ń sọ kiri pé ìwọ àti dókítà kan níbẹ̀ ń fẹ́ra yín.' Ó sunkún, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo yọ tèmi, mo fi ìyàwó oníyàwó sílẹ̀ lókè tòun tìkókó. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà!"

Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyàwó rẹ̀. Ọ̀bẹ ti dúró lára ọsàn.

"Lọ́jọ́ kan ni ìyá yín ní, 'Aboyún ni ọmọbìnrin tí wọ́n fi rọ́pò mi o.' Ilẹ̀ mọ́, mo bá ọ̀gá mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bú mi bí ẹni láyin, ó gbé mi kúrò nípò, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin di àwọn òpó náà. Nígbà tí ilẹ̀ wá mì lóòótọ́, ilé ò yẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ yòówù kẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kó parí kẹ́ ẹ tó dìde."

Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ rí. Irọ́ mi ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jókòó dáadáa, bàbá àwọn ọmọ. Màá dárí jì yín, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi dópin. Ẹ ò sì ní gé ìrù tèmi."