Ẹni tó Ń Sọ̀rọ̀ Nídìí Ọpọ́n Òrí

Ẹ̀yin jámáà, kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo wa gbé. Ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà, ẹ má ṣe bí ẹni pé tobìnrin ni.

Ìlara la máa sọ lónìí. Kì í ṣe ìlara aṣọ, kì í ṣe ìlara ilé. Ìlara ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Kí Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ rere sí ẹnì kan lẹ́nu, kí àwọn èèyàn máa fi tún ayé ara wọn ṣe, kí inú tìrẹ wá máa ta bí egbò. Àràárọ̀ là ń tọrọ ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi aburú onílara. A ó gbé ọwọ́ sókè, a ó fi pa ojú. Ta ló ti rò ó wò rí nínú wa pé ó lè jẹ́ òun gan-an ni onílara tí aládùúgbò òun ń ké pe Ọlọ́hun lé lórí?

Obìnrin kan wà nílùú kan lókè Ṣakí lọ́hùn-ún, níbi tí igi òrí pọ̀ sí. Ṣìfáwù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Bùsárì ni wọ́n ń pè é. Òrí lòun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òrí, kó gbọ́. Wọ́n á yan èso rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sínú ọpọ́n ńlá, wọ́n á máa bu omi sí i, wọ́n á máa fọwọ́ pò ó. Pípò yẹn niṣẹ́. Apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ já kó tó funfun, kó tó léfòó. Ẹnì kan ò lè dá a pò, àáró ni wọ́n ń dá. Lónìí gbogbo wọn á bá lágbájá pò, tó bá dọjọ́ mìíràn wọ́n á bá ẹlòmíì pò. Àṣà wọn sì ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ nídìí ọpọ́n, kí apá má baà rántí pé ó rẹ òun.

Ṣìfáwù ló ń sọ̀rọ̀ nídìí ọpọ́n láti ọdún pípẹ́. Ẹnu rẹ̀ mú. Ó mọ ẹni tó bá ọkọ jà, ó mọ ẹni tó yá ìborùn lọ síbi ìsọmọlórúkọ tí kò dá a padà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, òrí á funfun láìmọ̀. Tí wọ́n bá délé, kí ni wọ́n á rántí nínú ẹ̀? Wọn ò ní rántí nǹkan kan. Ẹ̀rín tán, ó tán náà nìyẹn.

Ó wá dọjọ́ kan, ọ̀fun ń dun Ṣìfáwù, ohùn rẹ̀ há. Wọ́n ní ta ló máa sọ̀rọ̀? Mọ̀nsúrátù, obìnrin kan tó kéré sí i, tí ẹnikẹ́ni kì í sábà gbóhùn rẹ̀, ló ní òun á gbìyànjú. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Tí mo bá dáwọ́ iṣẹ́ mi dúró lónìí, ta ló máa béèrè mi lọ́la? Ọmọ tuntun kan wà níbì kan tí ara rẹ̀ ń bó. Òrí tí mò ń pò yìí ni ìyá rẹ̀ máa fi pa á lára. N kò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun mọ àwa méjèèjì. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé òrí lásán ni mò ń pò, àbí Ọlọ́hun ni mò ń sìn?"

Ọwọ́ ò dúró o, ẹnu ló dúró. Ìyá àgbà tó ń koná ní, "Mọ̀nsúrà, tún un sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró nídìí ọpọ́n, ó wọ ìlú. Télọ̀ á rán aṣọ tán, á ní kí ọmọṣẹ́ tú u: "Tá a bá ti ṣọ́ọ̀bù pa lónìí, ta ló máa béèrè wa pẹ̀lú irú ojú rírán yìí?" Àwọn ọlọ́kadà ń fi bú ara wọn: "Ìwọ tó ò ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, dókítà nìkan ló máa béèrè ẹ." Àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń gún iṣu sísè mọ́ òrí kó lè pọ̀ sí i, wọ́n jáwọ́. Ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wọn o, ojú ló ń tì wọ́n fúnra wọn. Ni àwọn alásàlátù bá ránṣẹ́ pe Mọ̀nsúrátù, wọ́n ní kó máa wá bá àwọn sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí láràárọ̀ Àlàhádì, lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí gbogbo ìlú ń gbọ́.

Kí lẹ rò pé Ṣìfáwù ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn? Ohùn rẹ̀ ti là. Ó dé ìdí ọpọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lágbájá àti ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń ṣàánú èèyàn. Ọ̀kan ní, "Ìyá Bùsárì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Mọ̀nsúrà parí èyí tó bẹ̀rẹ̀ lánàá." Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n já irú ìyẹn lù yín? Láti ọjọ́ náà, ohun gbogbo tó jẹ́ ti Mọ̀nsúrátù ló ń bí i nínú. Ó ń bínú sí bó ṣe ń wé gèlè. Ó ń bínú sí ikọ́ rẹ̀.

Ó ní òun náà á dán ìbéèrè yẹn wò. Lọ́jọ́ kan kò lọ síbi iṣẹ́, kò sì ránṣẹ́. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí títì. Òun tóun ti ń sọ̀rọ̀ nídìí ọpọ́n nígbà tí Mọ̀nsúrátù ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọn ikun nù, ó dájú pé wọ́n á wá òun wá. Bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á tún ìborùn ṣe. Ewúrẹ́ ni. Nírọ̀lẹ́ àwọn obìnrin ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n rí i, wọ́n ní, "Ìyá Bùsárì, ẹ kú ìsinmi o." Wọ́n kọjá. Wọ́n kí i dáadáa. Wọn ò béèrè nǹkan kan.

Ẹ̀yin èèyàn, ibẹ̀ ni ṣàyìtánì ti gbé àga tirẹ̀ jókòó tì í.

Ṣìfáwù bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Bùsárì, ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó jẹ́ pé ayò dírááfù ló ń ta láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Láàrin ìgbà tá à ń sọ yìí ló ṣàdédé dìde nídìí dírááfù, tó lọ bá ọkùnrin tó ń tún pọ́ǹpù omi ìlú ṣe, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Inú ìyá rẹ̀ dùn dé góńgó. Gbogbo ẹni tó bá rí ló ń sọ fún pé, "Àdúà mi ló gbà." Kò sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà rí pé kí ló jí i.

Ó wá kan Mọ̀nsúrátù kí wọ́n bá a pò. Wọ́n pò ó, wọ́n sè é, wọ́n sẹ́ ẹ sínú agbada kó máa dì. Ladáànì pe ìrun Alásárì. Gbogbo wọn gbéra. Ṣìfáwù ní, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n pa iná." Ó ti gún iṣu sísè kúnná látilé, ó dì í sínú ewé, ó fi ìró bò ó. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ: nígbà táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń foríkanlẹ̀ fún Ọlọ́hun, òun bẹ̀rẹ̀ sórí agbada, ó ń ro iṣu mọ́ òrí ẹlòmíì. Ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ká wo ẹni tó máa béèrè ẹ."

Lọ́jọ́ ọjà, Alájà tó ń wá ra òrí láti Ìbàdàn dé. Ó ṣẹ́ díẹ̀ lára ti Mọ̀nsúrátù, ó fi ra àtẹ́lẹwọ́, ó tún un rà. Kò pariwo. Ó ní, "Iṣu rèé."

Mọ̀nsúrátù ní, "Alájà, mo fi Ọlọ́hun ṣẹlẹ́rìí…"

"Má dárúkọ Ọlọ́hun sí i. Ìwọ tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ ẹ ṣe àpèjúwe fún mi láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sún síwájú ẹlòmíì.

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ṣìfáwù mi orí, ó ní, "Èèyàn ò ṣeé mọ̀."

Lọ́jọ́ Àlàhádì, Mọ̀nsúrátù ò wá. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò wá. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú. Télọ̀ ní, "Ẹni tó ń kọ́ wa ń gún iṣu mọ́ òrí, kí lèmi wá ń tú aṣọ fún?" Àwọn tó ti gbé ọmọ odó pamọ́, wọ́n tún gbé e jáde. Ọlọ́kadà ń sáré. Ṣìfáwù padà sídìí ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀rín sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀? Kò balẹ̀. Mọ̀nsúrátù ń bá wọn pò, kò sọ̀rọ̀, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Tí ẹ̀rín bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ojú àwọn obìnrin á lọ sára rẹ̀, bí ẹni tó ṣì ń retí nǹkan. Ṣìfáwù ń rí i. Ìdákẹ́jẹ́ obìnrin yẹn pàápàá, ó ń jowú rẹ̀.

Ṣìfáwù wá bá Bùsárì nílé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tó ń di ẹrù.

"Bùsárì, ṣé o ò lọ sídìí pọ́ǹpù ni?"

"Mo ti fi sílẹ̀. Àwọn kan ń lọ wa góòlù nínú igbó, mo máa bá wọn lọ lọ́jọ́ Àtìnní."

Ṣìfáwù mọ kòtò tí wọ́n ń sọ. Ó mọ àwọn ìyá tí ọmọ wọn wọbẹ̀ tí ilẹ̀ ya lù wọ́n. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi tí mo gbàdúà tó o fi jí?"

Bùsárì rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ ti ń gbàdúà yẹn látìgbà tí mo ti ń rákòò. Ìdí dírááfù ni mo jókòó sí tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Àǹtí Mọ̀nsúrà lórí gbohùngbohùn. Ó ní tí mi ò bá sí lọ́la, ta ló máa béèrè mi? Mo wò ó, mi ò rí ẹnì kan. Ìyẹn ló gbé mi dìde. Òun náà wá rèé, ayédèrú. Gbogbo wọn ẹnu ni wọ́n ní. Kí n kúkú lọ wá góòlù."

Ṣìfáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bùsárì, èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo ro iṣu mọ́ ọn. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹrù rẹ̀. "Ẹ kàn fẹ́ dá mi dúró ni, Màámi. Irọ́ yìí ò dáa lẹ́nu àgbà."

Ẹ rí i bí? Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ látìgbà tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, irọ́ lọmọ rẹ̀ pè é. Kò sí ohun tó lè mú un gbà á gbọ́ bí kò ṣe kó sọ ọ́ níbi tí kò sí ìyá tó máa parọ́ irú ẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàhádì, kí wọ́n tó parí àsàlátù, Ṣìfáwù dìde. Inú wọn dùn, wọ́n rò pé ó fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Iṣu tó wà nínú òrí Mọ̀nsúrà, èmi ni. Ẹ lọ kírun Alásárì, mo fi í mọ́ ọn. Kò ṣẹ̀ mí. Tirẹ̀ nìkan lẹ̀ ń gbọ́, mi ò lè fara dà á."

Ẹnì kan ní, "Astagfirulai." Ẹlòmíì ní kí wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Mọ̀nsúrátù nílé. Ó dé, Ṣìfáwù kúnlẹ̀ fún un, àgbà tó kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Mọ̀nsúrátù bi í pé:

"Ìyá Bùsárì, ìrun Alásárì ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ ti san án?"

Ṣìfáwù ní rárá.

"Ẹ dìde, ẹ lọ ṣàlùwàlá. Ẹ jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀ ná, ẹ san ti Ọlọ́hun."

Bùsárì gbọ́ gbogbo rẹ̀ látìta. Lọ́jọ́ Àtìnní, àwọn awagóòlù lọ, kò bá wọn lọ. Ó gbé àpò sípánà rẹ̀, ó gba ìdí pọ́ǹpù lọ. Kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mọ̀nsúrátù padà sẹ́nu ọ̀rọ̀ nígbà tó yá. Àwọn kan tí wọ́n ti padà sídìí iṣu kò jáwọ́ mọ́ o, títí dòní. Ní ti Ṣìfáwù, wọn ò lé e kúrò nínú àáró, wọn ò bú u. Ṣùgbọ́n tí ladáànì bá ti pe ìrun, obìnrin kan á dúró, á ní, "Ìyá Bùsárì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Wọn kì í fi í sílẹ̀ lòun nìkan pẹ̀lú òrí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó mọ̀. Á nu ọwọ́ rẹ̀, á bọ́ síwájú.

Jámáà, ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ tó ń gbé èèyàn dìde, ẹ ò mọ iye ẹni tó so mọ́ ọn. Tó o bá fẹ́ já a lulẹ̀, kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀: ọmọ tìrẹ lè wà níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì bá dára, tó sì ń ta ọ́ lára, jókòó kó o gbọ́ ọ. Lááda ẹni tó gbọ́ kò dín ti ẹni tó sọ kù. Tó o bá sì ti ṣe é, má dúró dìgbà tó máa kan ọmọ rẹ kó o tó túúbá.

Ọlọ́hun Ọba, fọ inú wa mọ́ bí O ṣe ń jẹ́ kí òrí ya kúrò lára ìdọ̀tí rẹ̀. Má jẹ́ kí ire tí O fún ẹlòmíì di àìsàn sí wa lára. Fi ọ̀nà hàn wá nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò wá. Èyí tá a ti bà jẹ́ níkọ̀kọ̀, fún wa lẹ́nu tá a máa fi jẹ́wọ́ rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Àmín.