Àtàǹpàkò Ọmọ Mi Wọ́, Dókítà Kọ́ Ló Ṣe É

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Láti àná ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun mi. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ dókítà òyìnbó ní ìta wa, àyà mi á já pàà, nítorí ohun tí mo fi pamọ́ ti fẹ́ ṣekú pa ọmọ ọlọ́mọ.

Dúpẹ́ ni àkọ́bí mi. Àtàǹpàkò méjì ló bá wáyé lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n lẹ̀ mọ́ra nídìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ oníbejì. Ìyá ọkọ mi ní olúgbódi ni, ọmọ oníka mẹ́fà, ọlà ló gbé wá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè fi ọwọ́ yẹn mú nǹkan. Ohun tó bá dì mú, á bọ́ ni. Bàbá Dúpẹ́, akọ̀wé N.A., ìjọba ìbílẹ̀, ní Kàbà níbí, ló ní àfi ká lọ sílé ìwòsàn òyìnbó. A wọ mọ́tò akẹ́rù lọ. Dókítà ní òun yóò gé èyí tó kéré, òun yóò sì rán iṣan èyí tó kù kó lè dúró. Mo tẹ̀ka sí ìwé. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n gbé e jáde láàyè, wọ́n ti fi igi pẹlẹbẹ àti báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi: "Màmá, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó tú u o. Ẹ má fọwọ́ kàn án." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú wa ló ń wẹ ọmọ tí kì í fi omi gbígbóná àti òrí na apá rẹ̀? Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, báńdéèjì ń rùn, ọmọ ń sunkún, mo sì ń rò ó pé ọwọ́ tí a dè mọ́gi báyìí, gígan ni yóò gan. Ìyá ọkọ mi lọ oko, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo tilẹ̀kùn, mo tú u. Àtàǹpàkò náà dúró ṣánṣán! Ká ní mo dì í padà ni, ì bá tán síbẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n-àgbọ́njù, mo fi aṣọ gbígbóná jó o, mo fi òrí pa á, mo nà án, mo fà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọjọ́ márùn-ún, màá sì tún un dì kí wọ́n tó dé. Lọ́jọ́ karùn-ún, nǹkan dún pọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Yéè! Dúpẹ́ ké tantan. Láti ọjọ́ náà ló ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ọkọ mi tú báńdéèjì, ó figbe ta: "Òyìnbó ti ba ọwọ́ ọmọ mi jẹ́!" Ó ròyìn rẹ̀ ká ọjà, ká ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun kò tún ní í dé ibẹ̀ mọ́ láéláé. Mo ń wò ó, mo dákẹ́.

Obìnrin ará Ẹ̀júkù kan wà ládùúgbò wa, ìpá ń yọ ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ti ní kó gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Lánàá ó wá bá mi, ó kí mi bí a ṣe ń kíra níbí, ó ní, "Okun o, ìyá Dúpẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ tí mo rí, ǹ bá ti gbé tèmi lọ fún wọn." Ọmọ náà ń kérora lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ ló ti ń bì, ìpá náà sì ti le gbagidi. Mo dáhùn pé, "Okun o." Ẹ̀yin èèyàn, ohun tí mo rí sọ nìyẹn!

Bí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ mi lè lé mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbí kí ni mò ń sọ? Kí ìdáhùn yín tó dé Kàbà, ibo ni ọmọ yẹn yóò wà?